Alága Kàdírì àti Íńkì Onípáálí Wúrà

Ẹni tó bá ti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ń bọ̀, tó ń lọ sí Ṣakí, tí kò sì kánjú, lè yà gba ọ̀nà oko kan tó la ìlú Òkè-Afọ̀n kọjá. Kò sí ohun bàbàrà kan níbẹ̀: àpáta mẹ́ta, igi káṣú lọ súà, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí afẹ́fẹ́ ti ṣí òrùlé rẹ̀ lápá kan. Ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́fà gbáko, ọkùnrin kan gbé inú ìlú náà tó gbà tọkàntọkàn pé bí òun bá sín ní Òkè-Afọ̀n, ó yẹ kí ẹnì kan dìde dúró ní Ìbàdàn.

Kàdírì Abọ́dúnrìn lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìjọba gbé lé e lọ́wọ́ kò ju pé kí ó ṣe alága ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tí yóò máa kọ orúkọ àgbẹ̀ àti ibi tí oko rẹ̀ mọ sínú ìwé. Ìwé ọ̀hún ní ìlà, ó ní àyè fún àtẹ̀ka. Ẹni tó bá ka ìwé mẹ́fà yanjú lè ṣe é. Ṣùgbọ́n àga kì í kéré lábẹ́ ẹni tó bá ti pinnu láti wú. Ní ọdún kìíní, Alága ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún kejì, ó di Alága Àgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí alága kékeré kankan nílùú. Ní ọdún kẹta, ó fi Olùmọ̀ Ààlà kún un. Nígbà tí yóò fi di ọdún kẹfà, ẹni tó bá fẹ́ kí i láàárọ̀ ní láti jí ní kùtùkùtù, kó tó lè pe gbogbo orúkọ náà tán kí oòrùn tó mú.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ọlátúnjí, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní orúkọ, ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí Alága bá rẹ́rìn-ín, Ọlátúnjí á rẹ́rìn-ín kọjá tirẹ̀ díẹ̀. Bí Alága bá húkọ́, Ọlátúnjí á ní ọgbọ́n wà nínú ikọ́ náà.

Lọ́jọ́ kan ni wọ́n fi ẹ̀rọ púríńtà kan ránṣẹ́ láti Ìbàdàn sí ìgbìmọ̀ náà. Púríńtà kékeré ni, irú èyí tí ènìyàn ń gbé sílé láti máa fi tẹ iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ. Ìgbìmọ̀ náà kò ní ọ́fíìsì, nítorí náà Alága gbé e kalẹ̀ sí pálọ̀ ara rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ léèsì sábẹ́ rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe ìlú.

Ó dìde, ó tún agbádá gbé sí èjìká. "Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni ó wí, "lónìí ni ọ̀làjú wọ Òkè-Afọ̀n, ẹnu ọ̀nà pálọ̀ mi ló sì gbà wọlé. Nígbà àtijọ́, ẹnu ni àwọn bàbá wa fi ń sọ pé oko yìí, ti lágbájá ni. Ẹnu! Ohun tí a fi ń jẹ ẹ̀kọ! Láti òní lọ, ohunkóhun tí ẹ̀rọ yìí kò bá tẹ̀, kò ṣẹlẹ̀."

"Kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dán an wò pé òun ń ṣẹlẹ̀!" ni Ọlátúnjí ké.

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọlé ní méjì-méjì láti wá wo ẹ̀rọ náà, àwọn kan sì kúnlẹ̀, nítorí Alága dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò sì hàn dáadáa ẹni tí wọ́n ń kí nínú àwọn méjèèjì.

Íńkì tó bá púríńtà náà wá láti ibi tí wọ́n ti rà á kò lò ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ. Ẹ má bi mí pé iye oko mélòó ni wọ́n fi kọ. Kò sí. Àwòrán Alága ni wọ́n fi tẹ̀, aláwọ̀ mèremère, igba ó lé méjìlá. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlẹ̀kùn gbogbo ilé. Ọ̀kan tilẹ̀ wà lára ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé-ìwé, èyí tí Alága pàṣẹ pé kí wọ́n yí ojú rẹ̀ síta, kó má baà máa wo inú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí lẹ́tà kan dé láti Ìbàdàn. Ó ní àwọn awọnlẹ̀ ń bọ̀ ní ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹsàn-án, láti wá ri òpó ààlà láàárín igbó ọba àti oko àwọn ará ìlú. Àgbẹ̀ tó bá ní ìwé tí orúkọ rẹ̀ àti ìwọ̀n oko rẹ̀ wà nínú rẹ̀, òpó yóò gba ẹ̀yìn oko rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá ní ìwé, oko rẹ̀ di igbó ọba láti ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù. Àwọn àgbẹ̀ tó wà nínú ìwé ìgbìmọ̀ sì jẹ́ mẹ́tàlélógóje.

Nínú wọn ni Àdìjátù wà, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Bàṣírá. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Oko káṣú tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wà ní etí igbó gan-an. Bí òpó bá fi ìṣísẹ̀ ogún péré ṣìnà, igi tí ìyá náà ti ń jẹun lára rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n á di ti ọ̀bọ.

Alága ránṣẹ́ pe akọ̀wé rẹ̀. Mùyìbátù lorúkọ akọ̀wé náà, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé rẹ̀ nítòsí gáréèjì, níbi tó ti ń fi kọ̀ǹpútà àti púríńtà tara rẹ̀ bá àwọn ènìyàn tẹ lẹ́tà. Òun gan-an ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ìgbìmọ̀. Iṣẹ́ ti Alága ni láti máa jẹ́ Alága.

"Akọ̀wé," ni Alága wí, "ẹ̀rọ ń pòǹgbẹ."

Mùyìbátù ti mọ̀. Ó tú àpò rẹ̀, ó to káátíríìjì mẹ́ta sórí tábìlì, ìyẹn àwọn agolo kékeré tí íńkì máa ń wà nínú wọn.

"Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, sà," ni ó wí. "Èyí àkọ́kọ́, àwọn tó ṣe púríńtà yìí náà ló ṣe é. Kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n íńkì inú rẹ̀ kéré, a ó sì rìn jìnnà ká tó rí i rà tó fún mẹ́tàlélógóje ìwé. Ìkejì, tuntun lòun náà, àmọ́ àwọn mìíràn ló ṣe é, wọ́n kàn ṣe é kó bá ẹ̀rọ wa mu ni. Òun ló ní dáadáa, òun ló ní burúkú. Ènìyàn gbọ́dọ̀ wo ẹni tó ṣe é, kó sì wo nọ́ńbà ara rẹ̀. Ìkẹta ni àtúnkún. Káátíríìjì àkọ́kọ́ yẹn náà ni, tí wọ́n ti lò tán. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á pààrọ̀ ohun tó bá bàjẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n á rọ íńkì tuntun sí i, wọ́n á sì dán an wò. Ògúntóyè ní Ìsẹ́yìn ló ń ṣe èyí tí mo ń lò láti ọdún mẹ́rin. Íńkì dúdú rẹ̀ kì í ṣí bí omi bá kàn án. Bó bá sì kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, á gbà á padà. Èyí ni mo rò pé ká lò."

Alága fi ìka kan ti àtúnkún náà sẹ́yìn, bí ẹni ń ti aláàmù kúrò lára oúnjẹ.

"Wọ́n ti lò ó rí?"

"Wọ́n ti lò ó, sà."

"Ta ló lò ó?"

"A ò lè mọ̀ ọ́n, sà. Ó lè jẹ́ ilé-ìwé. Ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni."

"Ẹnikẹ́ni," ni Alága wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Èmi Kàdírì, Alága Àgbà, Olùmọ̀ Ààlà, kí n wá máa fi àjẹkù ẹnikẹ́ni tẹ orúkọ mi."

Ọlátúnjí gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Bóyá ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n fi tẹ̀! Bóyá olè kan ló fi kọ ìwé ẹ̀bẹ̀!"

"Orúkọ àwọn àgbẹ̀ la fẹ́ tẹ̀, sà," ni Mùyìbátù wí.

"Ta ni yóò wà lókè orúkọ wọn?"

Òótọ́ ni pé àwòrán Alága ló gba ìlàjì ìwé náà láti òkè. Orúkọ àgbẹ̀ wà nísàlẹ̀, ní ọ̀gangan ibi tí iṣẹ́ ọnà ara agbádá parí sí.

Ọ̀rọ̀ tó tó báyìí kò ṣeé dá ṣe. Alága gbé ìgbìmọ̀ abẹ́lé kan dìde láti wádìí ìwà káátíríìjì. Wọ́n jókòó fún ọjọ́ mẹ́rin nínú pálọ̀, wọ́n jẹ ewúrẹ́ méjì, wọ́n sì kọ àbájáde olójú-ewé méjì. Ojú-ewé kìíní kí Alága. Ojú-ewé kejì ní kí Alága ṣe ohun tó bá wù ú.

Ohun tó wù ú wà lọ́wọ́ oníṣòwò àlejò kan tó máa ń pàtẹ lọ́jọ́ ọjà. Inú páálí aláwọ̀ wúrà ni káátíríìjì tirẹ̀ wà. Wọ́n ya kìnnìún kan sára páálí náà, kìnnìún ọ̀hún sì wọ awò ojú. Alága dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì mọ ara wọn.

"Ẹ̀rọ wo ló bá mu?" ni Mùyìbátù bi oníṣòwò.

"Gbogbo ẹ̀rọ," ni oníṣòwò dáhùn. "Èyí tí wọ́n ti ṣe, àti èyí tí wọn ò tíì ṣe."

"Nọ́ńbà ẹ̀rọ wa kò sí lára páálí yìí."

"Akọ̀wé," ni Alága wí, "ènìyàn ńlá kì í bi ènìyàn ńlá ní nọ́ńbà." Ó sì ra méjìlá.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, wọ́n ti káátíríìjì wúrà bọ ẹ̀rọ lẹ́nu. Ẹ̀rọ kùn díẹ̀, iná pupa tàn, ọ̀rọ̀ kan sì yọ lójú kọ̀ǹpútà tí Mùyìbátù gbé wá.

"Kí ló wí?" ni Alága bèèrè.

"Ó ní òun ò mọ káátíríìjì yìí, sà."

"Ṣé ẹ sọ fún un pé èmi ni mo rà á?"

Mùyìbátù ṣàlàyé pé ojú irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káátíríìjì, èyí tí púríńtà fi ń dá a mọ̀. Bí ojú irin náà kò bá bá a mu, kò ní gbà á. Alága kò gbọ́ jù pé ẹnì kan kọ̀ sí òun lẹ́nu nínú pálọ̀ ara òun. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé wá. Ó fi bírò kọ kúẹ́rì sí púríńtà náà, Ọlátúnjí sì kà á sí i létí ní ìdúró: kí ó ṣàlàyé, láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹ́ fún ìwà àfojúdi sí ọ̀gá.

Wákàtí mẹ́rìnlélógún pé. Púríńtà kò fèsì. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí mọ̀ pé ẹni tó dákẹ́ ti gbà pé òun jẹ̀bi. Alága dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì fi aṣọ dúdú bò ó. Àwọn àgbẹ̀ tó wá bèèrè ìwé wọn wo aṣọ dúdú náà, wọ́n rò pé ẹnì kan ti ṣe aláìsí nínú ilé, wọ́n kí Alága kú ará-fẹ́ra-kù, wọ́n sì yí padà.

Ọjọ́ márùn-ún ló kù nígbà tí wọ́n lọ wá oníṣòwò rí. Ó tú ẹrù rẹ̀, ó rí òmíràn fà yọ, kìnnìún kan náà, páálí kan náà, ojú irin ọ̀tọ̀. Púríńtà gbà á. Ìwé jáde, àwòrán Alága sì ń dán lókè bí ẹja inú òróró.

"Ó ti tọrọ àforíjì!" ni Ọlátúnjí ké.

Mùyìbátù mú ìwé àkọ́kọ́ tó jáde, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì da ẹ̀kán omi kan sí i láti inú ife. Omi náà jókòó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orúkọ àgbẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, ó yọ ẹsẹ̀ síhìn-ín, ó yọ ẹsẹ̀ sọ́hùn-ún, ó sì di àbàwọ́n.

"Sà, omi aró lásán ni. Oṣù kẹsàn-án la sì wà, òjò ń rọ̀."

"Ta ló ní kí omi kan ìwé mi?"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Alága ṣe òfin. Àkọ́kọ́: a kò gbọdọ̀ lo íńkì àtúnkún ní Òkè-Afọ̀n, ìwékíwèé tí a bá fi tẹ̀, asán ni. Ìkejì: omi kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìwé ìgbìmọ̀. Ìkẹta: òógùn jẹ́ omi. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀, nítorí Alága ní òfin tó bá pọ̀ kì í níyì. Ó ká a, ó kì í bọ àpò inú agbádá.

Ó wá na òǹtẹ̀ ìgbìmọ̀ sí Mùyìbátù, kó lù ú sára àwọn ìwé tó ti jáde. Mùyìbátù kò gbà á.

"Alága, ẹ má bínú. Ìyá Bàṣírá kò ní ohun mìíràn láyé ju oko yẹn lọ. Mi ò lè lu òǹtẹ̀ sára ohun tí mo mọ̀ pé ó máa ṣàn lọ."

Ọlátúnjí wo ojú Alága láti mọ bí òun yóò ti bínú tó.

"Máa lọ sílé," ni Alága wí. "Má tún padà wá."

Mùyìbátù kó àpò rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí a ti ń kí àgbà pé ó dìgbà, ó sì jáde. Alága fúnra rẹ̀ ló lu òǹtẹ̀ náà. Ìgbà mẹ́tàlélógóje ló lù ú, ó sì ń lù ú tagbára-tagbára, nítorí nǹkan kan ń sọ fún un nínú pé kí ó tún da omi sí ọ̀kan kó wò ó. Kò dà á. Ẹni tó bá dán ara rẹ̀ wò lè rí nǹkan.

Ọjọ́rú pé. Àwọn awọnlẹ̀ dé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí pápá ilé-ìwé, àwọn mẹ́rin, olórí wọn sì ni Ìyáàfin Ayọ̀dàmọ́lá, obìnrin kan tó wọ bàtà òjò, tó sì ń wo ojú sánmà ju ojú àwọn tó ń kí i lọ. Wọ́n ti ta ìbòòrùn kan. Abẹ́ rẹ̀ ni Alága wà nínú agbádá funfun báláú, ìwé mẹ́tàlélógóje sì wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n pín in ṣáájú. Ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni kọ̀ọ̀kan dọ̀bálẹ̀.

Ó dìde láti sọ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ kékeré. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bí i. Nígbà tí yóò fi dé ọdún tó wọ ilé-ìwé, ìkùukùu ti gbára jọ lápá odò Ofiki. Nígbà tó dé ọdún tó di Alága, afẹ́fẹ́ tútù ti ń ṣí gèlè.

"Sà," ni Ìyáàfin Ayọ̀dàmọ́lá wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gba àwọn ìwé náà kí òjò tó dé."

"Òjò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀," ni Ọlátúnjí dá a lóhùn.

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fa òfin yọ, ó kà á sókè fún gbogbo ènìyàn, àgàgà apá tó ní asán ni ìwékíwèé tí a bá fi àtúnkún tẹ̀. Ó dá a padà sí àpò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé, "Nítorí èmi, ẹ̀yin ènìyàn mi, mo jẹ́ òrùlé lórí yín," nígbà tí ìjì gbé ìbòòrùn náà lọ.

Kí a má purọ́ mọ́ ọn: kò sá. Gbogbo ènìyàn ló sá wọ kíláàsì, Ọlátúnjí ló sì ṣáájú. Alága nìkan ló dúró. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó kó àwọn ìwé náà jọ, ó gbá wọn mọ́ àyà bí ìyá tó gbá ọmọ mọ́ra, ó sì tẹ̀ bò wọ́n kí òjò má baà bá wọn. Bó ti ń gbá wọn mọ́ra tó ni wọ́n ń yọ́. Aró pupa ṣàn lára agbádá funfun, aró búlúù tẹ̀ lé e. Irùngbọ̀n inú àwòrán ló kọ́kọ́ ṣàn, lẹ́yìn náà fìlà, ó sì ya wálẹ̀ bo orúkọ àwọn àgbẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nínú kíláàsì, wọ́n ràn án lọ́wọ́ láti kó àwọn ìwé náà lé orí tábìlì. Wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ìyá Bàṣírá ló jáde síwájú, tó ń fa ẹsẹ̀.

"Alága," ni ó wí, "èwo ni tèmi níbẹ̀?"

Alága wo òkìtì náà. Ó ṣí ọ̀kan kúrò lórí èkejì, ó ya. "Èyí," ni ó wí. "Ó... ó dà bí ẹni pé èyí ni, Ìyá."

"Mi ò kàwé. Ẹ fi orúkọ mi hàn mí níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu ọkùnrin yìí láti ọdún mẹ́fà. Ó tún ṣí ìwé mìíràn, òun náà ya. Ìyá náà na ọwọ́ sílẹ̀ láti gba ìwé rẹ̀.

"Orúkọ Ìyá wà níbí," ni ohùn kan wí láti ẹnu ọ̀nà.

Mùyìbátù ni. Ọ̀rá ńlá kan wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ó tú u lórí tábìlì olùkọ́, ó sì kó ìwé jáde, funfun pẹ̀lú lẹ́tà dúdú, kò sí àwòrán lára rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún Ìyáàfin Ayọ̀dàmọ́lá pé àkọsílẹ̀ gbogbo oko wà nínú kọ̀ǹpútà òun; pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní kí òun máa lọ sílé, òun ti ń fi púríńtà ara òun tẹ̀ ẹ́; àti pé àwọn mẹ́rin yòókù nínú ìgbìmọ̀ ti wá fọwọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí oko tiwọn náà wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́rin náà wo ilẹ̀.

Omi ti ta sí ìwé tó wà lókè látinú òrùlé tó jò. Ìyáàfin Ayọ̀dàmọ́lá fi aṣọ nù ún. Lẹ́tà kò ṣí. "Irú íńkì wo lẹ lò?"

"Àtúnkún ni, mà. Láti Ìsẹ́yìn."

Alága gbóhùn sókè nígbà náà. Ó lè dákẹ́. Ká ní ó dákẹ́ ni, ìtàn yìí ì bá kúrú. "Kò ṣeé gbà!" ni ó wí. "Asán ni! Òfin wà! Gbogbo yín gbọ́ ọ!"

"A gbọ́ ọ, sà," ni Ìyáàfin Ayọ̀dàmọ́lá wí. "Ṣùgbọ́n ìwé la wá gbà níbí, kì í ṣe ohun tí a gbọ́. Ẹ jẹ́ ká rí òfin náà."

Alága ti ọwọ́ bọ àpò inú agbádá. Ohun tó fà jáde rọ̀ bí ẹ̀bà tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tún un ṣe. Aláwọ̀ búlúù ni láti òkè dé ilẹ̀.

"Ọlátúnjí, kà á fún wọn."

Ọlátúnjí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. Ó wo ìlú tó kún kíláàsì. Ó wo ojú Ìyá Bàṣírá, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ó sọ ohun tó rí.

"Alága, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ jáde láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín ẹnì kan ṣoṣo, tó gbìyànjú láti fi ọwọ́ dí i. Lẹ́yìn náà ni kíláàsì rú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí òjò fi dá. Alága dúró láàárín wọn, aró ń kán láti etí agbádá rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń dúró kí ẹnì kan ní kó jókòó.

Àwọn awọnlẹ̀ gba ìwé Mùyìbátù. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ri òpó. Òpó tó wà lẹ́bàá oko Ìyá Bàṣírá gba ẹ̀yìn igi káṣú tó kẹ́yìn, ìyá náà sì jókòó tì í títí sìmẹ́ńtì fi gbẹ. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà dé láti Ìbàdàn, gbólóhùn mẹ́ta: wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dúnrìn, wọ́n ní kó gbé púríńtà àti òǹtẹ̀ fún Mùyìbátù, wọ́n ní ó dàbọ̀. Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Ọlátúnjí ti ń gbìyànjú láti máa rẹ́rìn-ín kọjá ti Mùyìbátù, ṣùgbọ́n obìnrin náà kì í sábà rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí.

Íńkì tí kò lè dúró lórí ìwé fún ìṣẹ́jú kan dúró lọ́wọ́ Kàdírì fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, ó fi kẹrosíìnì, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́. Bó bá ń ṣe àlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á rọra gbé aṣọ wọn kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ pamọ́ sínú àpò, ó sì ń gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ sóko.

Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé yìí ló gbé e dé ibi òpó tuntun kan. Ó dúró. Òpó náà wà láàárín oko bàbá rẹ̀ gangan, ó pín in sí méjì, apá tó dára jù sì bọ́ sínú igbó ọba. Ó wo òpó náà, ó wo ilẹ̀. Fún ọdún mẹ́fà tó fi jẹ́ alága, kò kọ oko náà sínú ìwé. Ta ni yóò béèrè ìwé lọ́wọ́ Alága?

Àwọn awọnlẹ̀ ti sọ pé àwọn ń padà bọ̀ lọ́jọ́ ajé láti tún àṣìṣe ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ àìkú, Kàdírì lọ sí ṣọ́ọ̀bù Mùyìbátù. Ènìyàn mẹ́ta wà lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá Bàṣírá wà nínú wọn, ó wá tẹ ìwé ìdánwò fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kàdírì kí wọn, ó jókòó sí ìkẹyìn. Nígbà tó kàn án, ó dìde.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni Mùyìbátù wí. "Kí la fẹ́ tẹ̀?"

"Oko bàbá mi. Kò sí nínú ìwé."

Mùyìbátù ṣí àkọsílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà. Kò rẹ́rìn-ín. "Ó gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí, sà. Ẹnì kan tó mọ̀ pé oko náà jẹ́ ti bàbá yín, tí yóò tẹ̀ka sí i."

Kàdírì ronú kan gbogbo ẹni tó mọ̀ nílùú. Ó rí ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì ọjọ́ yẹn, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ yí padà kó máa lọ.

"Mo mọ oko náà," ni Ìyá Bàṣírá wí láti orí bẹ́ǹṣì, tí kò tíì lọ. "Ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti bu irúgbìn káṣú àkọ́kọ́ fún ọkọ mi. Gbé yíǹkì wá, Mùyìbátù, jẹ́ n tẹ̀ ẹ́."

Kàdírì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, láàárín okùn iná àti páálí ìwé.

"Dìde," ni ìyá náà wí, "o ń dí ọ̀nà."

"Àtúnkún ni mo fi ń tẹ̀ o, sà," ni Mùyìbátù wí kó tó tẹ bọ́tìnnì.

"Tẹ̀ ẹ́."

Ìwé jáde, ìkẹrìnlélógóje. Ìyá Bàṣírá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀. Kàdírì gbà á, ó gbé e súnmọ́ ojú. Orúkọ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, dúdú, kedere. Ó fẹ́ fi ìka tútù nù ún wò, ṣùgbọ́n ìka tirẹ̀ ṣì ní aró, kò ní mọ èyí tó ti ara ìwé wá. Ó na ìwé náà sí Ìyá Bàṣírá.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìka yín wò ó."

Ìyá náà fi ahọ́n lá ìka ọwọ́ rẹ̀ kejì, ó fà á kọjá lórí orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì gbé ìka náà sókè fún un. Ìka mọ́. Kàdírì mí sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìwé náà láti kì í bọ àpò.

"Má ká a," ni Ìyá Bàṣírá wí, ó sì tú ọ̀rá kan kúrò ní ìdí ìró rẹ̀. "Òjò tún ti ń ṣú."

Kàdírì fi ọwọ́ méjèèjì gba ọ̀rá náà.